Ohùn Ọmọ Nínú Fóònù

Mẹ́rin ni wọ́n tò wá sẹ́yìn takisí Ìgbẹmọ, kò sì síbi tí mo lè gbé etí mi sí, nígbà tí ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ tí ọmọbìnrin yìí bí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà, ní ìwé kíkà.

"Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nítòsí wa," ìyá wí. "Yóò wá bá a nínú ulé, yóò di ìka rẹ̀ mú lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé fóònù tóo ní kó máa fi kẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́wọ́ ni?"

"Màámi, ẹ ní ó ń ka Sáàmù fún yín ní àdúrà òwúrọ̀. Mo yọjú wò ó lónìí, Jẹ́nẹ́sísì ló ṣí sílẹ̀! Ó kàn há Sáàmù sórí ni."

"Èmi ò kúkú mọ̀wé. Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, èmi náà á lè wọlé sí i láti Àbújá. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá kàn máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kàwé ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ ọ láràárọ̀."

Ìyá kọjú sí fèrèsé.

"Bóo bá wọlé, sọ̀rọ̀ o. Òun náà ń béèrè ohùn rẹ."