Ẹsẹ̀ Hezekiah Kò Burú

"Ẹ pa ọkọ̀ yẹn! Òótọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí kí ẹ tó gbéra."

Dírẹ́bà pa ọkọ̀. Àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ṣútìn ní Lálùpọn yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń wo Àlàájì Sàníù, alága wọn, tó ń lọ tó ń bọ̀ létí títì bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ní òdìkejì títì ni Hezekiah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, dúró sí. Sàníù ló ránṣẹ́ pè é, ó sì wá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sún mọ́ ọkọ̀.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o!" Múyì pariwo látinú ọkọ̀. "Adámásingbà máa kún!"

Àlàájì. Orúkọ náà ń gún Sàníù láyà láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Ní Árafà, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sunkún, ọ̀rọ̀ tí àfáà wọn sọ ni kò jẹ́ kó lè tọrọ nǹkan kan: Ọlọ́run kì í dárí ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ jì í, àfi kí onítọ̀hún kọ́kọ́ forí jì í ná. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun Sàníù mọ́.

Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápá Adámásingbà lòun àti Hezekiah ti jọ ń lọ síbẹ̀. Ṣé wọ́n rántí sáà tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń na Ṣútìn léraléra? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ẹsẹ̀ Hezekiah ò dáa, pé bó bá ti bá wọn wọ pápá, ó parí? Òun Sàníù ni. Irọ́ sì ni. Àìmọye ìgbà ni wọ́n jọ lọ tí wọ́n jọ fayọ̀ bọ̀.

"Orin ẹ̀ ló ń dùn mí," ó ní. "Bí Hezekiah bá ti dárin nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi mọ́. Èmi alága! Ìlara lásán. Àgbààyà bíi tèmi!"

Nítorí irọ́ yẹn ni wọ́n ṣe lé Hezekiah kúrò nínú ọkọ̀ nígbà náà, kò sì bá wọn jà. Nígbà tó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà náà, ó gun ọ̀kadà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn pátápátá. Sàníù ló rí i.

"Èmi ni mo nàka sí i. Mo ní, 'Òun rèé! Ó tún ti dé!' Ẹ wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà ẹ̀ kan bọ́. Ó wò mí, ó ní, 'Sàníù, sọ fún wọn.' Mo gbójú kúrò. Ẹ ò tíì tì í dé ẹnu géètì tí Ṣútìn fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Gbogbo pápá hó. Irọ́ mi di òótọ́ lójú yín, èmi náà sì bá yín jó."

Sàníù sọdá títì, ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú jàlàbíà funfun rẹ̀.

"Hezekiah, forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fẹnu ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́ bí mo ṣe ṣe. Ọ̀rẹ́ mi, wọlé ká lọ. Iwájú ni wàá jókòó."

Hezekiah wo ọkọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọjọ́ tí Gift ọmọ mi ṣègbéyàwó, ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dúró sí. Ó bímọ, mi ò wọ yàrá ẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń lọ síléèwé báyìí, mi ò gbé e rí, kí n má lọ kó bá a." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Mo ti forí jì ẹ́, Sàníù. Ṣùgbọ́n èmi náà ti gbà á gbọ́. Ta ló máa bá mi yọ ọ́ lọ́kàn?"