Orúkọ Nasib Kaur Tí N Kò Fi Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Èmi Tejpal, àbíkẹ́yìn Gurmej Kaur, tí gbogbo ará Punjab láti Íńdíà ní àdúgbò wa ní Brampton ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá, èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ibi yìí, mo sì ṣe é dáadáa. Mo mọ̀ pé ìgbéraga ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Láìsí ìgbéraga náà, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún àrùn kòrónà, ìjọba Kánádà ṣílẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí ẹni tó bá fẹ́ mú òbí rẹ̀ wá láti òkèèrè fi orúkọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, inú àwọn orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń ṣà, bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Balraj ẹ̀gbọ́n mi ń wa tírélà, Parneet ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó. Mehtab, ọmọbìnrin wọn, àti Jorawar tí kò tíì rìn, wà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó kó ọmọ mọ́kànlá jọ síwájú tẹlifíṣàn nínú yàrá abẹ́ ilé. Lọ́jọ́ tí Parneet rí i pé ìdí Jorawar ti bó, ó gbé ìwé ìyá tirẹ̀ àti ti màmá wa lé mi lọ́wọ́. “Akọ̀wé,” bó ṣe ń pè mí nìyẹn, “fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀. Èyí tí Ọlọ́run bá mú, òun ló ń bọ̀ wá wo ọmọ.” Nasib Kaur ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù; Kaur ni gbogbo obìnrin wa ń jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í mu omi nílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Mo rán an létí, ó rẹ́rìn-ín. “Màá pọn tèmi wá láti Nakodar níbí. Ṣé fọ́ọ̀mù yín gba garawa?”

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo ń kà ní yunifásítì nígbà yẹn, n kì í sì í rí ohun tó díjú kí n má tú u. Lójú òfin, owó oṣù wọn ò lè gbé ju òbí kan lọ. Bí orúkọ méjì bá wọlé, ti Nasib Kaur lè jáde ṣáájú, màmá mi á sì dá kù sí abúlé. Mo fi orúkọ màmá mi sílẹ̀, mo sì pa fọ́ọ̀mù kejì tì. Kí Parneet má baà bi mí, mo fọwọ́ ara mi ṣe ìwé ẹ̀rí kan fún un pé orúkọ ìyá rẹ̀ ti wọlé, tòun ti nọ́ńbà gígùn. Ó jọ ojúlówó ju ojúlówó lọ. Parneet lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Orúkọ màmá mi jáde, ó sì dé. Mehtab kì í jẹun nígbà náà bí tẹlifíṣàn ò bá sọ̀rọ̀, Jorawar kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Kí ọdún tó yípo, àwọn méjèèjì ń fi èdè Punjabi bá àgbà ṣàwàdà. Àwọn obìnrin gurdwara, ilé ìjọsìn wa, ń bẹ màmá mi kó wá tọ́ tiwọn. “Ọlọ́run ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú mi,” á wí, á na ọrùn. Èmi náà á na tèmi. Parneet kò jowú. Balraj ti ń rówó sí i, owó ti tó fún òbí kejì. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣa orúkọ, á já ìwé náà kúrò lára fìríìjì, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, “Kò tíì kàn wá,” á tún lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ń wò ó. Mo ń jẹun lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù, ẹ dúró. Lọ́dún yìí Nasib Kaur ṣubú. Parneet bá mi ní ilé ìdáná. “Akọ̀wé, ìwọ tó mọ ìṣirò, ṣé kí n lọ wò ó ni, àbí kí n fi ìsinmi mi pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá pè é? Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwa lọ́tẹ̀ yìí?” Òfo ni. Mo mú bírò, mo ṣírò ó lójú rẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. “Ó tó ogójì. Ẹ dúró.” Ó dúró. Oṣù kejì rẹ̀, rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ. Láràárọ̀ ló máa ń kọrin fáwọn ọmọ lórí fóònù kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Jorawar gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. “Ìyá àgbà, a ò gbọ́ yín o.”

Lọ́jọ́ kejì, mo já ìwé náà, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Balraj dìde, ó tún jókòó. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Mo ń na ọrùn ká ìlú pé Ọlọ́run ló mú mi. O sọ mí di olè, mi ò sì mọ̀.” Ó wọ yàrá, ó ń di ẹrù. “Mo ti tọ́ ọmọ ọmọ Nasib Kaur. Ó ku kí n lọ máa wẹ òun náà.” Òun àti Parneet jọ wọkọ̀ òfuurufú ni. Mo kúnlẹ̀ fún Parneet lẹ́nu ọ̀nà. “Má bẹ̀ mí,” ó ní. “Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni àwọn ọmọ ń wọlé nílé-ìwé. Mehtab kì í fẹ́ kí wọ́n fa irun òun.”

Parneet ti padà sẹ́nu iṣẹ́, màmá mi kò padà. Mo ń yangàn pé òun ló bí mi, ojú sì ń tì mí pé èmi ló bí. Èmi ni mo ń di irun báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn ẹbí yín ń gbé ìwé fún láì kà á, ẹ bẹ̀rù ọwọ́ ara yín.

Láàárọ̀ yìí mo pe màmá, mo ní kó bá mi bẹ Nasib Kaur. “Bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ,” ló wí, ó gbé fóònù sí i létí. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mímí nìkan ni mo ń gbọ́. Màmá gba fóònù.

“Ó ti gbọ́. Lọ mú àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, kí wọ́n má pẹ́.”