Mo Pe Ṣáláńgá Ní Kànga

Ẹ yin Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ yìn ín kí ohùn yín ròkè, nítorí ohùn tèmi kò ní lè ròkè lónìí.

Ìyá Folúkẹ́ ni mí, èmi tí mò ń ta epo pupa ní Igolo, tí ẹ fi ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ yìí. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Gbogbo Ifangni ló gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà kọ́ ló rí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn ará ilé ti lọ sí Igolo tán. Orúnkún tó ń dùn mí ló dá mi dúró. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo lọ sí ṣáláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Daagbé. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́sẹ̀ náà, pákó tó bo ojú ihò sì ti jẹrà lábẹ́. Mo kàn gbọ́ tí pákó náà dún ni. Nígbà tí mo lajú, mo ti wà nísàlẹ̀, ìgbẹ́ mù mí dé ìbàdí.

Mo ké títí. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Tẹlifóònù mi wà nínú ìró tí mo ró mọ́ àyà, nǹkan kan kò kàn án. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ta ni kí n pè? Mo rí orúkọ Pásítọ̀, mo kọjá rẹ̀. Mo rí orúkọ ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síwájú yìí, mo kọjá. Mo ní bí ẹ bá ti rí mi báyìí, ẹ kò ní gbàgbé láé. Àwọn pọ́ńpíyé ni mo pè, àwọn panápaná, nítorí pé wọn kò mọ̀ mí. Wọ́n á fà mí jáde, wọ́n á lọ, ọ̀rọ̀ á parí.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Faransé ló kọ́kọ́ fi kí mi. Nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe ń kólòlò, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi sọ Nàgó, èdè wa. Kí ló ṣe yín?”

“Mo já sínú kànga.”

Ẹ̀yin ará, kànga ni mo sọ. Mo wà nínú ìgbẹ́, mo ní kànga.

Ó bi mí lọ́nà ilé, mo júwe rẹ̀: ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ilé tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù. Ó ní kí n má pa fóònù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi rédíò bá àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dá a lóhùn pé àwọn ti gbéra. Ó padà sọ́dọ̀ mi.

“Ìyá, ṣé omi yẹn mọ́?”

Mo ní ó mọ́.

“Ẹ ò gbóòórùn nǹkan kan?”

Mo ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ojú ti ń ta mí, orí mi ń yí, ẹsẹ̀ mi ń rì díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin náà rọra sọ pé, “Ìyá mi, n kò ní bá yín jà. Ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá gbé yín, ọmọ ẹnìkan ni. Bó bá jẹ́ kànga, á wọlé bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ burú, tí ẹni náà kò sì bo imú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè kú síbẹ̀. Ibo lẹ wà?”

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“N kò gbọ́ yín, Ìyá.”

“Ṣáláńgá ni. Inú ṣáláńgá ni mo wà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, Ìyá. Ẹ gbé orí sókè, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí rédíò, ó sọ ọ́ fún wọn, ó tún un sọ, kí wọ́n má baà ṣì í gbọ́.

Ọkọ̀ wọn ti dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kadà lọ́nà. Fèrèsé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, rédíò sì ń ké. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ pé obìnrin kan wà nínú ṣáláńgá. Àwọn ọlọ́kadà ló ṣáájú wọn dé ilé mi, èrò sì tẹ̀ lé wọn.

Panápaná kan bo imú, ó sọ̀kalẹ̀, ó so okùn mọ́ mi. Wọ́n fà mí. Ìró mi kù sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi ni mo ṣe jáde, lójú àwọn tí mò ń ta epo fún. Mo dijú. Mo ní, “Ẹ dá mi padà síbẹ̀.”

Ẹnìkan da aṣọ bò mí. Nígbà tí mo lajú, Ìyá Ìjọ ni, ìyàwó Pásítọ̀ wa. Kò fọwọ́ bomú. Ó ní kí wọ́n pọnmi wá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ mí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo ní, “Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn mí.” Ó ní, “Dákẹ́, jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn etí rẹ fọ̀.”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ fún mi pé, “Màdáàmù, afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn máa ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Ó dáa pé ẹ tètè sọ òótọ́ fún wọn.” Mo wo ilẹ̀. N kò tètè sọ ọ́.

Mo fara pamọ́ sílé. N kò lọ sọ́jà, n kò wá sí ìsìn. Lọ́jọ́ kan, tẹlifóònù mi dún. Ohùn ọmọbìnrin yẹn ni.

“Ìyá, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni. A máa ń rán ọkọ̀ lọ, a kì í sábà mọ bó ṣe parí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí irọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀yin sọ ọ́ níkẹyìn. Àwọn mìíràn kì í sọ ọ́ títí ohùn wọn á fi dákẹ́. Ẹ ṣé, Ìyá.”

Èmi tí mo parọ́ fún un, òun ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo ṣubú lọ.

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ fún ọmọbìnrin yẹn tí n kò tíì rí lójú rí. Mo dúpẹ́ fún ẹni tó wọ inú ihò tọ̀ mí wá. Ìyá Ìjọ, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tó. N kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run pé ìtìjú mi ti tán. Kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìwọ tí wàhálà tí kò ṣeé sọ bá lónìí, mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbà ọ́. Àní bó o bá ti kọ́kọ́ purọ́, padà sọ òótọ́. Alààyè lojú ń tì. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ará. Ògo ni fún Ọlọ́run.