Èmi Ni Mo Pa Idì Efire

Ẹ má kí mi kú iṣẹ́ mọ́. Ẹ gbé fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n sọ bí mo ṣe yà á. Èmi Ezra Akínbọ́lá, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹ̀ ń pè ní bàbá onífọ́tò ẹyẹ, òpùrọ́ ni mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ó bá a. Tèmi kò tó ogún, ọdún márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ti fi ọdún márùn-ún náà jìyà rẹ̀.

Ẹ mọ fọ́tò tí mò ń wí. Idì olórí funfun tó ń gbé ní ọ̀sà Efire ló wà níbẹ̀, ó na ìyẹ́, èékánná rẹ̀ wọnú ẹja, omi ń ta yí i ká. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ ọ kí n tó rí i yà. Irọ́ ni. Mo ṣọ́ ọ lọ́jọ́ mọ́kànlá lóòótọ́, nínú ọkọ̀ Ràímì, apẹja tí mo wọ̀ sílé rẹ̀, tí Abibat ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹja tó dára jù sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ mi. Òfo ni mo mú bọ̀. Kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, idì á ti gbé ẹja lọ. Inú wá ń bí mi sí i. Ẹyẹ tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni èmi àgbàlagbà ń bínú sí pé kò dúró kí n yà á.

Lọ́jọ́ kejìlá, Ràímì lọ kírun Jímọ̀ọ̀, mo dá wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Mo ki fóòmù sínú ẹja kan kó lè léfòó, mo fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ òpó kan nínú omi, kí ẹyẹ náà má baà tètè gbé e lọ. Ẹja ń yọ̀ bọ́, ni mo bá fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu. Kókó tí Ràímì kọ́ mi ni mo ta sídìí ìwọ̀ náà, kókó ìdílé rẹ̀, tí ẹlòmíràn kì í ta ní Efire. Bí okùn tàbí àwọ̀n bá sọnù lọ́hùn-ún, kókó ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ín. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí idì fi balẹ̀. Ó fa ẹja, okùn fà á padà, ó na ìyẹ́, èmi ń tẹ kámẹ́rà. Mo rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo rí i tó gbé orí ẹja náà mì, tìwọ̀-tìwọ̀. Mo lè pariwo kó fò kó tó mì ín, mi ò pariwo, nítorí ìmọ́lẹ̀ dára. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀: ìmọ́lẹ̀ dára. Okùn já lára òpó, ó sì gbé ìwọ̀ fò lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú koríko etí omi. Ní Efire, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan idì yẹn, torí ibi tó bá ń rà bàbà lé ni wọ́n ń da àwọ̀n sí. Bàbá Ẹnìtàn, olórí àwọn apẹja, pe gbogbo wa jọ sí èbúté, ó gbé ìwọ̀ tí wọ́n fà jáde lọ́fun rẹ̀ sókè, gbogbo ojú sì yí sí Ràímì. Ràímì wo kókó náà títí. Ó ní, "Éè ṣe èmi, Bàbá," ó sì wò mí. Bàbá náà wò mí. Ó ní tíṣà kì í purọ́, kí n sọ ẹni tí mo máa ń rí lápá ibẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, eré ni gbogbo ohun tí mo ti sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

"Ràímì nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀," ni mo wí.

Òótọ́ ni, ó sì burú ju irọ́ lọ. Wọ́n ní Ràímì kò gbọ́dọ̀ da àwọ̀n sómi Efire mọ́ láéláé. Abibat dì mí lọ́wọ́ mú pé kí n bá àwọn bẹ̀bẹ̀, mo ní màá gbìyànjú. Mo di ẹrù mi, mo wọkọ̀ Òde-Omi.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, mo sì gbàgbé dáadáa. Wọ́n fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ l'Ékòó, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀ lórí sùúrù. Mo sọ ọ́, ojú kò tì mí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí sọ́míìlì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ra pákó tí a ó fi ṣe férémù tuntun fún fọ́tò yìí kan náà. Ẹni tó ru pákó náà wá bá mi, tí eruku igi bo ìpéǹpéjú rẹ̀, Ràímì ni. Mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, Tíṣà," ló wí. "Ọlọ́wọ́ òsì ni yín. Kókó yẹn yíjú sósì; tiwa, ọ̀tún ló máa ń yíjú sí."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ta ni ó gba apẹja gbọ́ lórí tíṣà. Ó ní òun ń retí pé èmi fúnra mi á sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìgbà tó yá, kí Iléyá tó dé, ìgbà tó yá, òun ò retí mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní kí n dìde, pé òun kò ní ìdáríjì tí òun fẹ́ fún mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ba òun lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà wá bá mi, tí ẹ ń bi mí pé báwo lẹ ṣe máa mú kí ẹyẹ dúró, ẹ kúrò lójú mi. Bí ẹyẹ kò bá dúró, ẹ máa lọ sílé yín. Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, màá wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Efire, màá sì ka ìwé yìí sókè ní èbúté, níwájú Bàbá Ẹnìtàn. Ẹ̀yin ará Efire, ẹ bú mi, ẹ lé mi, ẹ fi mí ṣe bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Ràímì, kí ẹ dá omi rẹ̀ padà fún un, torí ẹ̀yin náà, ẹ ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì.