Agolo Òjò Abẹ́ Igi

Nínú gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ọ̀nà àti afárá, tó wá yan ẹ̀ka ti omi láàyò, kò sí ẹni tó mọ òjò tó mi. Bí òjò bá ṣú, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi mí bóyá kí òun rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ kiri nìyẹn, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin náà a sì máa pàtẹ́wọ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Òótọ́ ti há mi lọ́fun pẹ́, òní ni n ó bì í jáde níwájú gbogbo yín ní ìpàdé yìí.

Nílé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ìlú wa yìí, èmi ni olùkọ́ wa ní kí n máa fi agolo wọn òjò. Gbangba ìta la gbé agolo náà sí, níbi tí ohunkóhun kò ti bò ó. Ẹ wá wo ọ̀lẹ! Nítorí kí ẹrẹ̀ má baà ba bàtà mi jẹ́, mo gbé e wá sábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ewé ń jẹ òjò, agolo ń ṣa èérún. Mo wá lọ jábọ̀ fún olùkọ́ pé òjò ibí yìí kò le rárá. Ó ní mo káre.

Ìwọ̀n yẹn náà ni mo fi ya gọ́tà àdúgbò yìí nígbà tí mo di ẹnjiníà. Bàbá Sìmẹ́ǹtì, bíríkìlà wa, mọ ọ́n gẹ́lẹ́ bí mo ṣe yà á. Òjò gidi kan rọ̀, àgbàrá ya wọlé yín, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìkòkò. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí igi yẹn. Nígbà tí ẹ bi mí pé ta ló jẹ̀bi, mo tún táì mi ṣe, mo ní bíríkìlà ló dín ìbú gọ́tà kù. Irọ́ burúkú! Ẹ sì gbà á, torí ẹnjiníà ló sọ ọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó fi okùn wọ̀n ọ́n wò. Inú yín ń bí mi, ṣùgbọ́n ti ara mi ló ń bí mi jù. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún bàbá, ì báà ṣe ilé adìẹ.

Èyí tó burú jù rèé. Bàbá wá bá mi nílé, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹnjiníà, ó ní láti jẹ́ pé ojú ló tàn mí. Ẹ dárí jì mí.” Mo jókòó sórí àga bí ọba, mo wúkọ́, mo sì dárí jì í.

Bàbá, ọwọ́ yín kò ṣìnà, èmi ni mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà lọ́dọ̀ mi, ẹ jáde lọ bá òjò níbi tó ti ń rọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ṣépè. Ìyàwó bàbá gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ó ní, “Òjò ti ṣú. Gọ́tà náà ṣì kéré.”