Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Fi Orógùn Ọtí Lé Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, apá ọ̀tún ìyá ọkọ mi ti rọ, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, ló ń pọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, èmi ló ní kí n gba orógùn, èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń darí ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa ní Kamazou, ní Kàdúná! Ta ni kí n sọ irú èyí fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Doka, nínú Kàdúná yìí kan náà, la bí mi sí, ògì sì ni ìyá mi ń ṣe tà níbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ gúúsù Kàdúná, inú àgbàlá tí ìyá rẹ̀ ti ń pọntí ló mú mi wá. N kò fẹnu kan ọtí náà rí, ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lára obìnrin yìí bó bá ń ṣiṣẹ́. Ọkà bàbà tó ti hù, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì lọ̀, ni yóò máa dà sínú omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Yóò ti orógùn dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, yóò yí i wá sókè, kò ní kánjú, kò ní dúró, kókó kan kò sì ní kù níbẹ̀. Èmi tí àmàlà mi kì í ṣaláì ní kókó, ṣé kò yẹ kí n yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn obìnrin? Mo lè dúró wò ó títí ọbẹ̀ mi yóò fi jóná.

Lọ́jọ́ kan, ó ti kó ọkà tó rò sínú apẹ̀rẹ̀ asẹ́, ó ń bu omi lé e kí adùn tó kù lára rẹ̀ lè kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, ni àlejò bá pè é síta. Omi náà ń kán pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Èmi ọmọ elógì, mo ní asẹ́ ti dí nìyẹn. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń pò ó, mo ń fún un bí ẹni ń sẹ́ ògì. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ di ẹrẹ̀, asẹ́ sì wá dí lóòótọ́. Nígbà tí Màmá dé, èébú ni mo ń retí. Ó wo ìkòkò, ó wo ọwọ́ mi tó kún fún eérí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“A hankali, ’yata,” ló wí ní Hausa, pé kí n rọra, ọmọ òun. “Inú ìkòkò la ti ń rò ó. Tó bá ti dénú apẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀. Eérí yẹn gan-an ló ń bá wa sẹ́ ẹ.”

Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì rojọ́ mi fún ọkọ mi títí dòní. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti fojú rí i. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ kí n bá òun rò ó, inú mi sì máa ń dùn gan-an, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n kí n bá a rò ó yàtọ̀ sí kí n di ọlọ́tí. Ìyá mi ti ní bí mo bá gbà á, kí n má pe òun ní ìyá mọ́. Èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ pé ọtí ń tú ilé, mo sì ti rí ilé tó tú. Ọkọ mi ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe. Ṣé ìyẹn náà ni ìrànlọ́wọ́? Màmá kò sì bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ń jókòó ti ìkòkò tútù, ojú rẹ̀ a rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi ọwọ́ òsì nìkan rẹ ọkà. Ó ti hù, ó ti gbẹ, aládùúgbò sì ti bá a lọ̀ ọ́ wá láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí mo ti dáná sábẹ́ ìkòkò.