Ìjánu tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín. Ẹ má bi mí ní orúkọ. Opó ni mí, Pobè ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́, kò dà nínú mi, kò sì jáde. Mo ń fi í sùn, mo ń fi í jí. Àwọn ará Issaba ló wá bá mi lóṣù tó kọjá, ohun tí wọ́n sọ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Nígbà tí ọkọ mi kú, òwò ata nìkan ló kù tí mo lè fi tọ́ àwọn ọmọ. Issaba ni mo ti ń ra ata lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Sakété ni mo ti ń tà á. Ẹni tó bá mọ Issaba mọ̀ pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ dúdú yẹn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ jáde. Alùpùpù á rì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ á rì. Ata á máa jẹrà lóko, àwọn tó gbìn ín á máa wò ó.

Ọkọ mi fi jíìpù àtijọ́ kan sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló wà, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo lọ pe Ọ̀gá Sẹ́nà, mẹ́káníìkì kan, ọmọ Gùn, tó ní gáràjì ní Sakété. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi jí òkú yìí. Mo fẹ́ kó ga, kó lè la ẹrọ̀fọ̀ Issaba kọjá. Ṣùgbọ́n kò sówó o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹni tí kò lówó a ní ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rìn."

A rìn lóòótọ́. A yí gbogbo ọjà irin àlòkù tó wà ní Àjàṣẹ́ po. Lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú ni a ti yọ rẹ̀sọ́ọ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ara ọkọ̀ dúró lórí táyà. A rí táyà ńlá tí eyín rẹ̀ ṣì mú. Irin bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó mi ni Ọ̀gá Sẹ́nà gé, tó jó mọ́ orí jíìpù náà kí a lè máa di ẹrù lé e. Ọ̀dà ilẹ̀kùn tó ṣẹ́kù nílé ni mo fi kùn ún. Nígbà tó dìde tán, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti di nǹkan mú kí n tó lè gùn ún.

Àbúrò ọkọ mi ni yóò máa wà á. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Aláyọ̀ ni mo sọ ọ́, torí pé ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun náà a máa pè mí ní "ìyàwó mi." Awakọ̀ gidi ni, kì í mu ọtí rárá.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba jíìpù náà, Ọ̀gá Sẹ́nà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ní, "Ẹ wo ibí yìí. A ti gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń gbé epo ìjánu lọ síbi ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gùn sí i. Ó ti nà tán. Tí táyà bá bọ́ sí kòtò ńlá, ó lè já. Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tó gùn."

Mo ní, "Ata ti pọ́n lóko, Ọ̀gá. Ẹ fi sílẹ̀ báyìí ná. Tí a bá ti ta ti àkọ́kọ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún awakọ̀ yín o."

N kò sọ fún Aláyọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún un, kò ní gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ ibi fún un. Mo kàn rò pé ìwọ̀nba ọjọ́ ni.

Nígbà tí jíìpù náà kọ́kọ́ la ẹrọ̀fọ̀ wọ Issaba, àwọn obìnrin tú jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. A ta ata ti àkọ́kọ́, mo fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe. A ta ti èkejì, owó ilé ìwé gbé e lọ. Ọ̀gá Sẹ́nà ránṣẹ́ sí mi nípa rọ́bà náà, mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ kó lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Èmi nìkan ló wá mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláyọ̀ ń kó ata bọ̀, Ìyá Àdùkẹ́, ọ̀kan lára àwọn àgbẹ̀ Issaba, jókòó tì í, ìyá náà ti sùn lọ. Wọ́n ti kọjá Pobè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Sakété, ni ìjánu kò bá mú mọ́. Àwọn ènìyàn wà lójú ọ̀nà níwájú. Aláyọ̀ yí ọkọ̀ wọ inú oko ọ̀pẹ, ó sì kọlu igi.

Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìyá Àdùkẹ́ kán, títí dòní ọ̀pá ló fi ń rìn.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Rọ́bà náà ti já, epo ń kán sílẹ̀. Mo fà á yọ, mo wé e mọ́ ìró mi. Nígbà tí àwọn tó dúró níbẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní, "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oorun ló gbé e lọ."

Gbólóhùn kan péré ni. Kí ó tó dé Pobè, oorun ti di ọtí sódábì. Àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní Aláyọ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó fẹ́ fún un lọ́mọ wọn fi ṣaya yẹ̀ kúrò. Mo jókòó láàárín wọn, n kò sọ nǹkan kan. Ó ká ẹrù rẹ̀, ó lọ dáko ní Igana.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ará Issaba wá. Aboyún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sínú ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí a tún jíìpù náà, tí wọ́n ti wọ́ padà sẹ́yìn ilé mi, jí, àwọn yóò wá irin, àwọn yóò wá ẹni tó máa ṣe é, kí ó máa gbé aláìsàn. Inú mi dùn. Ni bàbá tó ṣáájú wọn bá ní, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀mùtí yẹn ni yóò wà á o."

Mo ní, "Hẹn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ tún bu omi fún wọn mu.

Mo lọ bá Ìyá Àdùkẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹsẹ̀ mi kò ní tìtorí ọ̀rọ̀ yìí nà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọkùnrin yẹn lè nà. Ẹ lọ bá a. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, torí níwájú gbogbo ènìyàn ni ẹ ti bà á jẹ́."

Mo gba Igana lọ. Inú ẹ̀gẹ́ ni mo bá Aláyọ̀. Mo sọ fún un ní ìdúró, torí mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó n kò ní lè sọ ọ́. Mo rò pé yóò fi ọkọ́ lé mi ni.

Ó jókòó sórí ebè. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe èmi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ."

Ó ní, "Mo ṣáà ń rántí pé mo tẹ ìjánu. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo yín sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà pé oorun ló gbé mi, pé ẹsẹ̀ mi ló ṣì. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. N kò lè gbé ọmọ ẹlòmíràn sórí kẹ̀kẹ́ pàápàá."

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó bínú, ó sọ̀rọ̀ líle sí mi, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ní òun yóò wá sí Pobè wá wo jíìpù náà, òun fúnra òun ni yóò sì wo gbogbo ibi tí ìjánu gbà kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ó tún ní, "Ìyàwó mi, ẹ má sọ ọ́ níta. Orúkọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò bàjẹ́. Àwọn ọmọ yín á máa gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn."

Ibi tí mo wà nìyẹn. Ìyá Àdùkẹ́ ní kí n sọ ọ́. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ní kí n má sọ ọ́. Ní tèmi, mo rò pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Aláyọ̀, n kò sì yẹ lẹ́ni tó tún ń jẹ nínú ìfẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Issaba ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí àwọn àgbà ẹbí wá jókòó pẹ̀lú wọn. N kò tíì sọ ìdí tí mo fi pè wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ irú èyí rí, gbólóhùn wo ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́ mi ní ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan. Tó bá ti jáde, mo gbà pé èyí tó kù á tẹ̀ lé e.